Bá a ṣe yan fíltà fún tánkì omi iyọ̀ nílé tí NEPA ti ń mú iná, Surulere

Tánkì ẹja kan ní Surulere ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, torí àwọn tó ń bi mí pé fíltà wo ni káwọn rà fún omi iyọ̀ ti pọ̀ gan, gbogbo ohun tí mo sì máa ń sọ fún wọn ló wà nínú ọ̀rọ̀ tánkì yìí. Gíláàsì lásán ni, oníglàásì àdúgbò ló lẹ̀ ẹ́ pọ̀: 120 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 45 ní fífẹ̀, 50 ní gíga, tó bá kún dẹ́nu, lítà 270 ló ń gbà. Ẹ̀gbọ́n tó ni ín ti fi sin goldfish fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ ẹja yé e, kì í ṣe ẹni tó kàn rí nǹkan tó dáa lójú tó wá lọ kówó sí i. Àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń fẹ́ clownfish, ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun lára yẹn, ló bá ní ó dáa, òun á yí tánkì náà padà sí omi òkun.

Kánísítà tó ti ń lò fún goldfish náà ló fọ̀ mọ́, ó wá ra òmíràn tó tóbi jù ú lọ kún un, ẹni tó tà á fún un ní méjì yẹn á gbé omi iyọ̀ ọ̀hún láìsí wàhálà. Fún àwọn tí ò mọ kánísítà, garawa oníke kan tó ní ìdérí tó le ni, abẹ́ tánkì ló máa ń wà, páìpù kan ń fa omi wọnú ẹ̀, omi á gba inú fọ́ọ̀mù àti àwọn òrùka amọ̀ kéékèèké kọjá, pọ́ǹpù orí ẹ̀ á sì tì í padà sókè. Fọ́ọ̀mù yẹn ń mú ìdọ̀tí o, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń dá ẹja sí, bakitéríà tó ń gbé lára fọ́ọ̀mù àti òrùka ni. Ohun tí ẹja ń tú jáde lára, àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù tó ń jẹrà, amóníà ni gbogbo ẹ̀ ń dà, májèlé sì ni. Bakitéríà kan á sọ amóníà yẹn di náítíráìtì, tóun náà ò dáa fún ẹja, òmíràn á sọ náítíráìtì di náítíréètì tí ara ẹja lè gbà díẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ yìí, ọ́síjìn ni wọ́n fi ń ṣe é. Tí ọ́síjìn ò bá sí, iṣẹ́ dúró, àwọn bakitéríà náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Lálẹ́ ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, NEPA ti mú iná látìrọ̀lẹ́, wọ́n tan jẹ́n, epo tán nínú jẹ́n lóru, kò sẹ́ni tó jí. Nígbà tí iná dé láàárọ̀, kánísítà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra wọn, wọ́n sì tu omi dúdú sínú tánkì. Kí ọ̀sán tó pọ́n, clownfish méjèèjì ti kú, àwọn damsel, ẹja òkun kéékèèké míì tó wà níbẹ̀, náà lọ.

Ìgbà tí wọ́n pè mí, wọn ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, ìyẹn sì ràn wá lọ́wọ́ gan. Bí mo ṣe ṣí ìdérí kánísítà ńlá yẹn báyìí, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ló kọ lù wá, ìyàwó ilé sáré ṣí gbogbo fèrèsé pálọ̀. Òrùka amọ̀ tó yẹ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ti dúdú kirikiri, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dúdú wà nísàlẹ̀ garawa, tó o bá sì fi ọwọ́ rò ó, ìhó kéékèèké á máa ru jáde látinú ẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n bi mí níbẹ̀ dáa gan ni. Ó ní, "Àbúrò, iná yìí kan náà ló ń lọ nígbà tí mò ń sin goldfish, kánísítà yìí kan náà ni, kí ló wá dé tí goldfish ò kú?"

Mo jókòó ṣàlàyé ẹ̀ fún un torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ fíltà omi iyọ̀ wà. Àkọ́kọ́, omi òkun kún fún súlféètì, èròjà kan tó ní imí-ọjọ́ nínú, bíi gíráàmù 2.7 nínú kìlò omi kan, omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ tí goldfish ń gbé ò sún mọ́ ìyẹn rárá. Tí iná bá lọ tí omi dúró nínú garawa tó ní ìdérí, láàárín wákàtí díẹ̀ ọ́síjìn inú ẹ̀ á tán, torí bakitéríà yẹn ò yéé mí. Àwọn bakitéríà míì tí ò nílò ọ́síjìn á wá gba ipò, súlféètì yẹn ni wọ́n á máa lò, gáàsì hydrogen sulphide ni wọ́n sì ń tú jáde, òun ló ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ yẹn, ìwọ̀nba kíún ẹ̀ sì ń pa ẹja. Ìkejì, pH omi òkun, ìyẹn òdiwọ̀n kíkan omi (bó bá ṣe ga ni kíkan ń dín kù), máa ń wà láàárín 8.0 sí 8.4, bí pH bá sì ṣe ń ga tí omi sì ń gbóná ni amóníà ń burú sí i, amóníà tí goldfish á fi ara dà nínú omi tí pH ẹ̀ jẹ́ 7 lè pa ẹja òkun. Ìkẹta, iyọ̀ ń lé ọ́síjìn: omi òkun tó wà ní díígírì 30 ò lè gbà ju bíi mílígíráàmù 6 ọ́síjìn nínú lítà kan, omi lásán ní ooru kan náà á gbà tó 7.5. Goldfish pàápàá, ẹja tó lágídí ni, ó lè wà nínú omi tí ọ́síjìn ẹ̀ kéré fún ìgbà pípẹ́. Clownfish ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi náà wá bi wọ́n pé tí iná bá lọ tí jẹ́n ò sì ṣiṣẹ́, ó máa ń tó wákàtí mélòó? Ẹ̀gbọ́n ní mẹ́ta, mẹ́rin. Ìyàwó ẹ̀ ní rárá o, òun lòun ń tọ́jú fíríìsà, òun lòun mọ ọjọ́ tí ẹran yọ́, wákàtí mẹ́jọ ò ṣọ̀wọ́n rárá, tí transfọ́mà bá sì bàjẹ́ ó lè ju ọjọ́ kan lọ. Wákàtí mẹ́jọ tí màámi sọ yẹn la fi ṣe òdiwọ̀n gbogbo ohun tá a rà lẹ́yìn ẹ̀.

Ohun tí mo ń bá gbogbo èèyàn jà lé lórí nìyí. Lára páálí fíltà, iye lítà tó ń fọ̀ ní wákàtí kan ni wọ́n ń kọ, 1,200, 2,000, wọn ò kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ tí iná bá lọ láti alẹ́ dàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ní Èkó níbí, ìyẹn gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè. Fíltà tó dáa jù nígbà tí iná wà lè jẹ́ òun ló máa pa ẹja nígbà tí iná bá dé padà.

A gbé àwọn tó kù yẹ̀ wò. Fíltà tó ń so mọ́ ẹ̀yìn tánkì, èyí tó kéré yẹn, kò burú fún tánkì kékeré, kò pa omi dé bíi kánísítà, àmọ́ fún lítà 270 kò tó nǹkan. Èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ yanrìn, mi ò tiẹ̀ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀ pẹ́, ìdọ̀tí ń kó sábẹ́ ibẹ̀ tí èèyàn ò lè dé, tí afẹ́fẹ́ bá sì dúró ìtàn kan náà ni. Wet-dry tó ní bọ́ọ̀lù oníke, tí omi ń rọ̀ lé lórí, òun dáa díẹ̀ torí inú afẹ́fẹ́ ló wà, kì í tètè rà, ṣùgbọ́n ó ń sọ amóníà di náítíréètì kíákíá, ibẹ̀ ló sì ń parí sí, náítíréètì á kàn máa pọ̀ ni, ìyàwó ilé sì ti sọ pé tó bá yá òun á fẹ́ coral díẹ̀, ẹ̀dá òkun tó ń dúró sójú kan bí òdòdó, náítíréètì tó bá pọ̀ jù ò sì dáa fún un.

Ohun tí mo dámọ̀ràn ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti 1961 ni Lee Chin Eng ní Indonéṣíà ti kọ̀wé nípa bó ṣe ń sin ẹja òkun pẹ̀lú òkúta tó kó látinú òkun àti ìhó afẹ́fẹ́ díẹ̀, láìsí fíltà kankan tó ṣe gúnmọ́. Lẹ́yìn náà làwọn olùsinja ní Jámánì fi protein skimmer kún un, òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀nà Berlin títí dòní. Live rock yẹn, òkúta tó ní ihò wẹ́wẹ́ nínú ni, bakitéríà tó nílò ọ́síjìn ń gbé lójú ẹ̀, nínú ihò lọ́hùn-ún níbi tí ọ́síjìn ò dé dáadáa, àwọn míì ń sọ náítíréètì di gáàsì náítírójìn tó ń fẹ́ lọ. Àmọ́ ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ fún ilé yìí gan-an ni pé inú tánkì níbi tí ẹja wà ni fíltà wà. Kò sí garawa tá a tì pa níbì kankan. Tí iná bá lọ, ohun kékeré kan ṣoṣo tó bá ṣáà ń mi ojú omi, ẹja àti bakitéríà ló ń gbà là lẹ́ẹ̀kan náà.

Skimmer, ọ̀pá ni, pọ́ǹpù ń fẹ́ ìhó afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀, ìdọ̀tí inú omi á lẹ̀ mọ́ ìhó yẹn, á di ìfófó bíi ti ọṣẹ, á gun ọ̀pá lọ sókè, á sì dà sínú ife kan. Inú omi iyọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nínú omi lásán ìhó yẹn ń tóbi jù, kò ní lè mú nǹkan. Ohun tó ń jáde nínú ife yẹn dúdú, ó sì ń rùn, ó yẹ kéèyàn dúpẹ́ tó bá rí i torí inú tánkì ni gbogbo ẹ̀ ì bá ti jẹrà di amóníà.

Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ kí owó kánísítà ńlá yẹn ṣòfò, ó ní ká ṣáà fi kún un. Mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó wà níbẹ̀ lóru. Ohun tá a fẹnu kò sí ni pé tí omi bá fẹ́ pọ́n díẹ̀, kí wọ́n kó èédú fíltà sínú ẹ̀, kí wọ́n tàn án ní ojúmọmọ fún wákàtí mélòó kan tí èèyàn wà nílé, kí wọ́n sì tú omi inú ẹ̀ dànù kí wọ́n tó sùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò ó.

Skimmer tá a fẹ́ lò nílò sump, ìyẹn tánkì kejì lábẹ́ ti òkè. Ọ̀nà méjì ni omi fi lè sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀. Wọ́n ń ta àpótí kan tó ń so mọ́ etí tánkì, tó ń fa omi fò ó kọjá, kò nílò ká lu gíláàsì. Mo kọ̀ ọ́ jálẹ̀ fún ilé tí iná ń lọ. Tí iná bá lọ, afẹ́fẹ́ lè wọ ibi tó ti ń fa omi, tí iná bá wá dé, pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ á máa ti omi sókè, omi ò sì ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́, pálọ̀ ló máa dà sí. Nítorí náà a ní kí oníglàásì wá lu ihò méjì sẹ́yìn tánkì lápá òkè, ó fi bíìtì dáyámọ́ńdì lù ú, àkọ́bí ọmọ wọn ń fi ìgò pọ́n omi sí i kó má gbóná. Ihò kan ni omi ń gbà, ìkejì gbẹ, ó wà níbẹ̀ torí ọjọ́ tí ìgbín tàbí ewé bá dí àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, kó kọ́kọ́ rí i dájú pé gíláàsì ẹ̀ kì í ṣe tempered, ìyẹn ò ṣeé lu, ṣe ló máa fọ́ wúruwùru.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ omi tó ń padà wálẹ̀ dáadáa, ibí yìí làwọn èèyàn ti ń ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Sump tá a ṣe jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 40 ní fífẹ̀, 40 ní gíga. A fi omi sí i tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn lítà 72, lítà 72 míì ló sì ṣẹ́kù lófo. Lójú tánkì òkè, sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo jẹ́ lítà 5.4. Tí iná bá lọ, páìpù tó ń gbé omi lọ sókè á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi wá sísàlẹ̀, kò sì ní dúró títí ẹnu ẹ̀ á fi yọ síta. Oníṣẹ́ páìpù ti kọ́kọ́ ki ẹnu yẹn bọ omi ní sẹ̀ǹtímítà 10, ìyẹn lítà 54, ká fi ti inú páìpù kún un, ó ku díẹ̀ kí sump kún, tí ẹnì kan bá sì ti bu omi sí i ju bó ṣe yẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti dà nìyẹn. A gbé ẹnu páìpù sókè sí sẹ̀ǹtímítà méjì, ó di bíi lítà 11. A tún lu ihò kékeré sára páìpù yẹn lábẹ́ ojú omi kó lè fa afẹ́fẹ́ tètè, iyọ̀ àti ewé máa ń dí i, wọ́n ń fi eyín ìyarun nù ún. Àwọn kan á ní ẹ ra fáàfù tí ò jẹ́ kí omi padà, òun náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kíún tó bá há sí i lẹ́nu, kò ní pa dé mọ́, mi ò lè fi pálọ̀ èèyàn gbára lé e.

Ọ̀rọ̀ iná wá kàn. Pọ́ǹpù tó ń gbé omi sókè ń jẹ 40 wáàtì, èyí tó ń da omi rú nínú tánkì 10, skimmer 15. A fi skimmer sílẹ̀ fún NEPA àti jẹ́n, ó lè sinmi fún wákàtí mẹ́jọ kí nǹkan má ṣe. Méjì tó kù, 50 wáàtì lápapọ̀, wọ́n wà lórí ínfátà. Bátìrì 12 fóòtì 200 ampere-hour kan, tí a bá ní ká má lò ju ìdajì ẹ̀ kó má bàa tètè bàjẹ́, á gbé wọn tó wákàtí 18 sí 20 tí kò bá sí nǹkan míì lórí ẹ̀. Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n àti fáànù wà lórí ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ bí nǹkan ṣe ń rí lálẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ, nítorí náà mo ní kí wọ́n ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì kan, èyí tó ń tan ara ẹ̀ tí iná bá kú, kò wọ́n tó owó clownfish méjì yẹn. Tówó bá kù síwọ́ èèyàn tó jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo ló lè rà, òun ni kó rà kó tó ra skimmer.

Ooru náà kì í ṣe nǹkan kékeré, pálọ̀ wọn ń dé díígírì 31 lọ́sàn-án. Ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù ń jẹ ọgọ́rùn-ún wáàtì mélòó kan, ínfátà wọn ò lè gbé e. Fáànù kékeré méjì la so sórí sump, omi tó ń gbẹ lọ ló ń gbé ooru lọ, tánkì dúró ní bíi 28, lásìkò òjò tí afẹ́fẹ́ tutù rin kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ àmọ́ ooru ìgbà yẹn náà kì í tó bẹ́ẹ̀. Omi tó ń gbẹ yẹn, omi tí ò níyọ̀ ni wọ́n ń bù dí i o, torí iyọ̀ kì í bá a gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n béèrè pé etíkun Ẹlẹ́gúṣì ṣebí kò jìnnà, kí ló dé tá ò lè lọ pọn omi òkun. Omi ọ̀sà tó ń ya sókun létí Èkó ń mú iyọ̀ ẹ̀ dín kù lásìkò òjò, ìdọ̀tí ìlú sì ń bá a lọ, mi ò lè mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ tánkì la rà, ó lé díẹ̀ ní kìlò 10 fún gbogbo omi, gíráàmù 35 sí lítà kan, omi tó sì ti gba RODI kọjá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yọ gbogbo èròjà kúrò nínú omi, la pò ó mọ́ torí borehole wọn ní irin, ó ń pọ́n bàkẹ́ẹ̀tì.

Òkúta gbígbẹ la kó sí i, mo mú díẹ̀ wá látinú tánkì míì tó ti dàgbà kí bakitéríà lè bá a wọlé, a wá ń fi amóníà kíún bọ́ wọn. Amóníà kọ́kọ́ ga, náítíráìtì tẹ̀ lé e, ó ga fún ìgbà pípẹ́ débi tí àwọn ọmọ ti ń sú, lẹ́yìn náà méjèèjì wálẹ̀ sí òfo. Kí ẹja kankan tó wọ ibẹ̀, a dán ilé wò: a yọ gbogbo plọ́ọ̀gì láàárọ̀ Sátidé, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì nìkan ló ń ṣiṣẹ́, wákàtí mẹ́jọ gbáko. Ilẹ̀ gbẹ. Omi sump gòkè dé ìlà tá a fi máákà fà, kò kọjá ẹ̀. A bu amóníà sí i ṣáájú, ó ti ń wálẹ̀ nígbà tá a tún un wò nírọ̀lẹ́, òkúta ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tá a dá iná padà, skimmer nìkan ló hó sókè tó kún ife ẹ̀ lójijì, torí omi ti ga níbi tó dúró sí, a ra swíìṣì tó ń dúró díẹ̀ kó tó tàn fún un.

Oṣù tó tẹ̀ lé ìgbà tí ẹja wọ ibẹ̀ ni transfọ́mà àdúgbò bàjẹ́. Ínfátà kú lóru, pọ́ǹpù oníbátìrì gbà á. Ìyàwó ilé pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní clownfish méjèèjì ti ń bèèrè oúnjẹ, ṣé kóun fún wọn? Mo ní màámi, ẹ má fún wọn o, títí iná á fi dé, torí oúnjẹ ni amóníà. Wọ́n fara dà á.

Náítíréètì tánkì náà wà ní bíi mílígíráàmù 10 nínú lítà kan báyìí, zoanthid (ẹbí coral tó rọ̀) àti coral olú díẹ̀ ti wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó ń gba ìdọ̀tí níbi tí omi ti ń wọ sump, wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ife skimmer ọmọ àgbà ló ń dà á. Àbúrò ẹ̀ ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ ẹja aláwọ̀ búlúù tó ní ìrù òféfèé yẹn, blue tang. Mo ti sọ fún un pé ẹja yẹn ń dàgbà tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ó sì fẹ́ràn àtimáa sáré lọ sáré bọ̀, tánkì wọn kúrú fún un, kò sí fíltà tó lè tún ìyẹn ṣe. Royal gramma, ẹja òkun kékeré kan, la máa mú fún un, tí ẹni tó ń kó ẹja wọlé bá ti rí èyí tára ẹ̀ le.